Níti Àpò Ìtọrẹ Ìlú àti Ògiri Ilé Akẹ́kọ̀ọ́



Ẹni tí ó bá wà nínú gbọ̀ngàn wa ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ẹgbẹ́ ìjiyàn pàdé kẹ́yìn yóò rántí pé a ṣẹ́gun mi. Ọ̀rọ̀ tí a fi lélẹ̀ ni pé, “Owó ìtọrẹ kò lè tún ìlú ńlá ṣe.” Èmi ni olórí àwọn tí ó tako ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ọwọ́, àwọn tí ó wà lẹ́yìn mi kò ju mọ́kànlá lọ. N kò bínú. Ẹni tí ó bá mi jiyàn mọ ọ̀rọ̀ sọ jù mí lọ, agogo sì lù kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ olóòtú ìwé wa yìí pé kí ó fún mi ní àyè díẹ̀, nítorí pé ohun tí n kò rí sọ tán ní alẹ́ ọjọ́ náà kan iṣẹ́ tí gbogbo wa ń kọ́ níhìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi tí ó borí ní owó ìtọrẹ dàbí omi tí a dà sínú agbọ̀n: kí olùfúnni tó dé ilé, omi ti tán, òùngbẹ sì tún ń gbẹ tálákà. Kí n má purọ́, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọrẹ tí olówó ń jù sílẹ̀ ní ọjọ́ ọdún, tí a fi ra ìrẹsì, tí a sì ya àwòrán rẹ̀, kì í rí ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí. Ohun tí mo ń wí ni èyí tí n ó pè ní àpò ìtọrẹ ìlú: owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti olówó àti ẹni tí kò ní púpọ̀, kó jọ sí ojú kan; a fi olú rẹ̀ pamọ́, èrè orí rẹ̀ ni à ń ná lọ́dọọdún fún ire ìlú kan ṣoṣo, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú náà ni ó sì ń pinnu ibi tí yóò lọ.

Èyí àkọ́kọ́ nínú gbogbo ayé ni a dá sílẹ̀ ní Cleveland, ìlú kan létí adágún Erie ní ìpínlẹ̀ Ohio ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kejì oṣù Kínní ọdún 1914. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Frederick Goff, lọ́yà tí ó di olórí báńkì tí à ń pè ní Cleveland Trust. Lára iṣẹ́ báńkì náà ni kí ó máa tọ́jú ohun ìní àwọn tí ó ti kú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pa á láṣẹ nínú ìwé ìhágún wọn, níbẹ̀ ni Goff sì ti rí ohun tí ó bà á nínú jẹ́. Ó rí i pé òkú ni ó ń pàṣẹ fún alààyè.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ méjì. Nígbà tí Benjamin Franklin kú ní 1790, ó fi ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ìlú Boston, ó sì fi iye kan náà sílẹ̀ fún Philadelphia, pé kí a máa yá a fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ti gbéyàwó, tí wọ́n sì ti kọ́ṣẹ́ parí lábẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀rọ dé, ilé iṣẹ́ ńlá dé, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá di ọ̀wọ́n, owó sì ń wá ẹni tí yóò yá a. Ti Bryan Mullanphy ará St. Louis tún pani lẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kú ní 1851, ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tálákà arìnrìn-àjò tí ó bá gba St. Louis kọjá lọ tẹ̀dó sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ní ayé ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹran ń fà ni wọ́n ń bá lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin dé, ìwọ̀-oòrùn kún, arìnrìn-àjò tán, owó kò tán.

Ohun tí Goff ṣe kò ṣòroó yé. Ó ní kí ẹni tí ó ní owó fi í sílẹ̀ fún ìlú, kí ó sì sọ ìfẹ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbà bá yí padà tí ìfẹ́ náà kò wúlò mọ́, kí ìgbìmọ̀ àwọn alààyè ní agbára láti darí owó náà sí ibi tí ìyà wà. Báńkì nìkan kọ́ ni ó yan ìgbìmọ̀ náà. Méyọ̀ ìlú àti àwọn adájọ́ ní ẹni tí wọ́n yàn síbẹ̀. Ní 1915, Chicago àti Boston dá tiwọn sílẹ̀, irú àpò bẹ́ẹ̀ sì ti ju ẹgbẹ̀rún kan lọ káàkiri ayé lónìí. Ti Cleveland nìkan ti ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Àwọn baba wa mọ èsúsú àti àjọ kí a tó bí Goff, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, ẹni tí ó dá ni yóò kó. Níbi ti Cleveland yìí, ẹni tí ó dá kò ní í kó láéláé. Ẹni tí kò mọ̀ rí ni yóò kó o.

Ǹjẹ́ kí ni àwọn alààyè fi owó òkú ṣe? Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ irú ìlú tí Cleveland jẹ́.

Láàárín ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn 1910, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn aláwọ̀ dúdú fi oko òwú ilẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀, wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ irin ibẹ̀. Àdúgbò tí a jẹ́ kí wọ́n gbé kò pọ̀: Cedar àti Central ni, lẹ́yìn náà Hough àti Glenville. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1930, ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí ń rí sí owó yíyá lórí ilé ya àwòrán ìlú, ó sì fi àwọ̀ pupa kun àwọn àdúgbò tí ó ní ewu wà nínú kí a yá wọn lówó. Àdúgbò àwọn dúdú wà nínú pupa náà. Ẹni tí báńkì kò yá lówó kò lè tún òrùlé ṣe. Ilé tí a kò tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ògiri rẹ̀ kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní oṣù Keje 1966, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Hough, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Àwọn ilé iṣẹ́ irin bẹ̀rẹ̀ sí í tì, àwọn tí ó lè kó lọ kó lọ. Ní 1950, àwọn ará Cleveland jẹ́ 914,808. Ní 2020, wọ́n ku 372,624. Ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé àtijọ́ dúró, àwọn tí kò ní ibi tí wọn ó lọ ni ó sì kù nínú wọn.

Nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni ọ̀tá kan fara pamọ́ sí, orúkọ rẹ̀ ni òjé. A mọ òjé dáadáa ní ilẹ̀ wa; òun ni àwọn olùsìn Ọbàtálá fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Àwọn aṣọ̀dà ní Amẹ́ríkà máa ń pò ó mọ́ ọ̀dà ilé kí ó lè dán, kí ó sì pẹ́ lára ògiri. Ní 1978, ìjọba fi òfin dè é, ṣùgbọ́n òfin kò lè há ọ̀dà kúrò lára ilé tí a ti kùn. Nígbàkúùgbà tí a bá ṣí fèrèsé tí a sì tì í, igi yóò fi ara gbo igi, ọ̀dà yóò di eruku, eruku yóò bọ́ sílẹ̀ níbi tí ọmọ tí ń rákò ń gbé ọwọ́ lé. Ọmọ yóò sì fi ọwọ́ sẹ́nu.

Òjé kì í sábà dá ọmọdé dúbúlẹ̀ bí ibà. Ìyá lè máà mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bá ọpọlọ ọmọ náà jà ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ó bá dàgbà tó ẹni tí ń lọ sí ilé ìwé, kò ní í lè fi ọkàn sí ohun kan pẹ́. Inú yóò máa tètè bí i. Ìwé kíkà yóò máa nira fún un. Àwọn oníṣègùn sì sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí a mọ̀ pé kò léwu, àti pé ohun tí ó bàjẹ́ nínú ọpọlọ ṣòroó tún ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níhìn-ín díẹ̀. Ọmọ tí kò lè fi ọkàn sí nǹkan, tí ó ń bínú, tí ìwé kò wọ̀ lórí: kí ni àwa olùkọ́ ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Olódo. Ọ̀lẹ. Olórí kunkun.

Ní àkókò ìdánrawò ìkọ́ni mi tí ó kọjá, irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì tí a fi mí sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo mo nà án lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ó ń sùn, àti nítorí pé ohun tí mo kọ́ ọ ní ọjọ́ Ajé ti fò lọ kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, òjò dá wa dúró, mo sì sìn ín délé. Yàrá kan ni ènìyàn mẹ́fà ń gbé. Ẹ̀yìn yàrá náà gan-an ni àwọn kan ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Ilẹ̀ àgbàlá náà dúdú, ó ń dán, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì jókòó lé e, ó ń fi ṣíbí gbẹ́ ẹ. Èmi kì í ṣe dókítà. Kò sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, nítorí náà n kò lè sọ pé òjé ni ó ṣe é. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ, pàṣán ni mo sì fi bi í ní gbogbo ìbéèrè mi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀ràn òjé jẹ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan. Ní 2010, ó pa ju irínwó ọmọdé lọ ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí a ti ń lọ òkúta láti yọ wúrà inú rẹ̀ nínú àgbàlá ilé. Ní 2011, ní Boston, a rí òjé púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí a wá ìdí rẹ̀ títí, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni. Ju ìdajì tìróò náà lọ, òjé ni. Ẹwà ọmọ ni àwọn òbí rẹ̀ ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Cleveland. Kì í ṣe àwọn olówó ni ó kọ́kọ́ dìde sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará ìlú kan ni ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kiri láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìfọwọ́sí pé kí a ṣe òfin tí yóò dáàbò bo àwọn ọmọ tí ń gbé ilé owó. A dá ìwé wọn padà, nítorí gbólóhùn kan tí òfin béèrè tí wọn kò kọ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ní oṣù Keje 2019, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ilé tí a kọ́ ṣáájú 1978 háyà gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí pé òjé inú rẹ̀ kò lè pa ọmọ lára.

Òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n onílé tí kò ní ju ilé méjì lọ, tí owó ilé tí ó ń gbà kò tó ra òrùlé, níbo ni yóò ti rí owó fèrèsé? Bí a bá fi òfin le e mọ́ ògiri, yóò ti ilé náà pa, tàbí kí ó bu owó kún owó ayálégbé. Ibí yìí ni àpò ìtọrẹ ti wúlò. Àpò Cleveland àti àwọn ẹgbẹ́ ìtọrẹ mìíràn, pàápàá èyí tí a dá sílẹ̀ láti inú owó ilé ìwòsàn Mt. Sinai tí a tà, dá owó jọ tí a fi ń ran àwọn onílé lọ́wọ́ láti pààrọ̀ fèrèsé kí wọ́n sì tún ọ̀dà kùn. Ní 2022, ilé ìwòsàn ńlá tí à ń pè ní Cleveland Clinic ṣèlérí ju mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ sí iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú ọmọ aláìsàn ń fi owó ra fèrèsé fún ọmọ tí kò tíì ṣàìsàn. Ẹ̀yin ará, gbólóhùn yìí gan-an ni agogo kò jẹ́ kí n sọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Iṣẹ́ náà lọ́ra, n kò ní í pa á mọ́. Ọ̀pọ̀ onílé kò tètè gba ìwé ẹ̀rí, owó sì pẹ́ nínú àpò ju bí ó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ògiri nìkan kò tó. Ẹni tí kò rí owó ilé san yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé mìíràn tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, iṣẹ́ a sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí èyí ni mo fi fẹ́ràn ohun kejì tí wọ́n ṣe. Ní àyíká Hough àti Glenville kan náà ni Cleveland Clinic wà, pẹ̀lú ilé ìwòsàn ti yunifásítì àti yunifásítì Case Western Reserve. A ti ṣírò rẹ̀ pé ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rà lọ́dún kan tó bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ẹ̀yìn odi wọn. Kódà aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn, ibòmíràn ni a ń kó o lọ fọ̀. Àpò Cleveland pè wọ́n jọ, láti inú ìpàdé náà ni a sì ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ ní 2008, orúkọ rẹ̀ ni Evergreen. Ilé ìfọṣọ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, ní 2009, àwọn alágbàfọ̀ inú rẹ̀ ni ó sì ni ín. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó iye ìgbà kan, a ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ fi ra ìpín fún un, bí èrè bá sì dé, tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ṣe ètò tí òṣìṣẹ́ fi lè máa san owó ilé láti inú owó iṣẹ́ rẹ̀ títí ilé náà yóò fi di tirẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ kò rọrùn fún ilé ìfọṣọ náà. Ṣùgbọ́n ní 2018, Cleveland Clinic gbé iṣẹ́ ìfọṣọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi yóò wí. Yóò ní àwọn òṣìṣẹ́ Evergreen kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú ará Cleveland mẹ́wàá, bí mẹ́ta ni òṣì ń bá jà. Òótọ́ ni. Yóò tún ní iṣẹ́ ìjọba ni kí ilé má pa ọmọ. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú, n kò sì fẹ́ kí ìjọba kankan rí àpò ìtọrẹ kí ó wá sùn. Ṣùgbọ́n ìjọba a máa bẹ̀rù ohun tí kò tíì rí rí. Àpò ìtọrẹ lè kọ́kọ́ dán nǹkan wò, kí ó kùnà, kí ó tún un dán wò, láìsí pé ìbò ń lé e lẹ́yìn.

Àìsí ìbò yìí náà ni ó sì ń kọ mí lóminú jù. Ta ni ó fi àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí jẹ olórí lórí ilé tálákà? Àwọn tí ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kiri mọ ilé tí òjé wà kí dọ́là kan tó jáde, ìwé tiwọn ni a sì dá padà. Ní 2023, àpò Cleveland kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní àárín ìlú, ó kọ́ ọ sí itòsí Hough. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí a kọ́lé sí àdúgbò tálákà yàtọ̀ sí kí a fún tálákà ní àga nínú ìgbìmọ̀. Goff gba owó lọ́wọ́ òkú kí ó lè fi lé alààyè lọ́wọ́, ó sì ṣe dáadáa. Alààyè tí ń gbé inú ilé náà gan-an ni mo fẹ́ kí owó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ku tiwa. Àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjẹun wa. Lọ́dọọdún a ń ṣí i, a ń fi owó inú rẹ̀ ra ọṣẹ, mílíìkì àti bísíkíìtì lọ fún àwọn ọmọdé tí ó wà ní ilé ìwòsàn. A óò kọrin fún wọn, a óò sì padà wálé jẹun alẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé tí a ń lọ dánrawò lọ́dọ̀ wọn, ta ni nínú wa ni ó ti wo ibi tí wọ́n ń sùn? Mo dábàá pé kí a ya ìdajì owó ọdún yìí sọ́tọ̀ fún ilé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn: kí a fi sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbi tí a bá rí ewu, kí a fi símẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá tí ó ń ṣe eruku, tàbí ohunkóhun tí àwọn òbí wọn bá ní ó ṣáájú. Mo sì dábàá pé kí ìyá méjì láti inú àwọn òbí náà bá wa jókòó nígbà tí a bá ń pín in, kí ọ̀rọ̀ wọn sì tó ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń wí pé kò bójú mu kí ìyá alákàrà wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyá ọmọkùnrin tí mo nà yẹn, àkàrà ni ó ń dín. Òun ni n ó kọ́kọ́ pè. Ẹgbẹ́ wa yóò tún pàdé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù yìí. Mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, mo sì bẹ alága pé, ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó jẹ́ kí agogo sinmi díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì